Ọmọ tó gba ipò 31 nínú 35: kí la ó ṣe kó má baà fojú kéré ara rẹ̀?

Alábòójútó
Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Táàmù ń parí lọ, káàdì ìdánwò ti fẹ́ máa wọlé. Ìbéèrè tó ń wá jù lọ́sẹ̀ yìí ni ti ọmọ ọdún 10 sí 15 tó ti gbà pé olódo lòun, tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tí kì í nawọ́ ní kíláàsì mọ́. Àwọn òbí kan ń yìn ín títí ẹnu fi fẹ́ bó, kò gbọ́. Àwọn kan ń fi ọmọ aládùúgbò ṣàpẹẹrẹ fún un, ìyẹn ló tún wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin olùdámọ̀ràn, ẹ bá wa dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbésẹ̀ la fẹ́. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé "ẹ fìfẹ́ hàn sí i" kí ẹ sì máa lọ.

Tíṣà_Oníṣirò
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì yẹn gan-an, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ipò kì í sọ ohun tí ọmọ mọ̀. Iye ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ nìkan ló ń sọ. Nínú kíláàsì ọmọ 35, ogún ọmọ lè fún mọ́ àárín 58 sí 64. Ẹni tó gba 63 bọ́ sí ipò 8, ẹni tó gba 59 bọ́ sí ipò 25. Máàkì mẹ́rin péré! Òdìkejì rẹ̀ ló tilẹ̀ burú jù: ọmọ tó ti 41 gòkè dé 52 lè ṣì wà ní ipò 31, nítorí àwọn tó kù náà kò sùn. Ó fi máàkì 11 gòkè, káàdì sì sọ fún un pé kò kúrò lójú kan. Ohun tí ọmọ máa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ kò já mọ́ nǹkan kan, òun ló sì máa gbé wọ táàmù tó ń bọ̀.

Ẹ mú káàdì táàmù tó kọjá àti ti ìsinsìnyí, ẹ tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ẹ fi bébà bo ipò àti àròpọ̀. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ mú bírò, kó kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, máàkì ti tẹ́lẹ̀, ti ìsinsìnyí, àti ìyàtọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ẹ ya máàkì àárín táàmù, tí wọ́n ń pè ní C.A., tó máa ń jẹ́ 40 níbi púpọ̀, kúrò lára ti ìdánwò tó jẹ́ 60. Ọmọ tó gba 31 nínú 40 tó wá gba 19 nínú 60 mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rù, àkókò, tàbí àìfarabalẹ̀ ka ìbéèrè ló pa á. Ọmọ tó gba 12 nínú 40 tó gba 38 nínú 60, iṣẹ́ àṣetiléwá ni kì í fi sílẹ̀, tàbí kẹ̀ kò sí nílé ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì. Àwọn méjèèjì gba 50. Káàdì á tò wọ́n sí ojú kan náà, bẹ́ẹ̀ oògùn ẹnì kìíní kò lè wo ẹnì kejì.

Nígbà náà ni kí ẹ wá mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ẹ má mú èyí tó burú jù. Ẹ mú èyí tó wà ní bí 42 sí 49, tó kù díẹ̀ kó yè. Ibẹ̀ ni àyípadà ti máa tètè hàn, ọmọ tó bá sì ti fojú ara rẹ̀ rí àyípadà lẹ́ẹ̀kan kò nílò ìwàásù. Èyí tó gba 18, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì_Iléèwé
Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wá olùkọ́ lẹ́sìnnì, ẹ yẹ ojú àti etí wò. Ọmọ tí kò rí pátákó kò mọ̀ pé òun kò rí i. Ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn, pé òun nìkan ni kò gbọ́n tó láti kà á.

Àyẹ̀wò ojú tí ẹ lè ṣe nílé kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú: ẹ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sára ògiri níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ọmọ dúró ní mítà 6. Kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan láìtẹ̀ ẹ́, kó kà, kó wá bo ìkejì. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká ni kó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìwé ló kéré jù. Bí ojú kan bá kà á tí ìkejì kò kà á, ẹ má fi falẹ̀. Àwọn àmì tí tíṣà lè rí: ó ń ṣẹ́jú pọ̀, ó ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ń wò kọ.

Etí: ọmọ tó ń bi ni ní "kí lẹ wí?" lemọ́lemọ́, tó ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, tàbí tí etí rẹ̀ ń ṣọyún. Ẹ má ro òróró tàbí kẹrosíìnì sí i. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Oorun náà ńkọ́? Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́, ọ̀dọ́ ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10. Ọmọ tó sùn ní aago mọ́kànlá nítorí jẹnẹrétọ̀ àti fíìmù, tí wọ́n jí ní aago márùn-ún nítorí bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ti jẹ gbèsè kó tó dé kíláàsì.

Ẹ tún bèèrè iye ọjọ́ tó pa jẹ. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀lá-dìde lè pàdánù tẹ́ẹ̀sì méjì ní táàmù kan, wọ́n á sì kọ òdo síbẹ̀. Ẹ bẹ olùkọ́ pé kó ṣe é nígbà tó bá padà dé. Òdo yẹn kì í ṣe máàkì rẹ̀ rárá.

Ti ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú, tó lè ro àlọ́ tó já gaara, ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà ń lé e títí ó fi pé ọdún 9 tàbí 10, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà tí kì í ṣe ti àìgbọ́n. Ọ̀lẹ kọ́ ni.

Bàbá_Oníbàtà
Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo èyí ń dún bí àkẹ́jù. Àwọn àgbà ní a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní ń kángun ẹ̀. Ọmọ tí ojú kì í tì, kí ló máa lé e dé ìdí ìwé? Ẹni tó máa gbà á síṣẹ́ lọ́la kò ní bo ipò mọ́lẹ̀ fún un.

Olùdámọ̀ràn_Ọ̀dọ́
Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ jàre dé ìdajì.

Ní 1986, ìjọba ìpínlẹ̀ California gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iyì ara ẹni. Aṣòfin kan tó ń jẹ́ John Vasconcellos ló jà fún un. Èrò wọn ni pé bí ènìyàn bá ti níyì lójú ara rẹ̀, ìwé á wọlé, oògùn olóró àti ìwà jàgídíjàgan á dínkù. Ní 2003, Roy Baumeister àti àwọn mẹ́ta mìíràn tú ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, wọ́n sì rí i pé ìyìn àti iyì kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọmọ di amòye. Bí iyì àti ìmọ̀wé bá rìn pọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà mímọ̀ ọ́n ṣe ló ṣáájú.

Claudia Mueller àti Carol Dweck, ní 1998, fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní àdììtú láti tú. Wọ́n yin àwọn kan pé ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n tẹpá mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fún gbogbo wọn ní èyí tó le, tí kò sì yọrí sí rere, àwọn "ọlọ́gbọ́n" ló kọ́kọ́ sú, àwọn ni máàkì wọn wálẹ̀ nígbà tí wọ́n padà sórí èyí tó rọrùn. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ọgbọ́n ló fi yè máa rò pé àìgbọ́n ló fi kùnà. Àwọn tó tún irú ìwádìí yìí ṣe lẹ́yìn náà kò rí èsì tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tà á bí àgbo gbogboǹṣe. Ṣùgbọ́n ní 2014, Eddie Brummelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands rí ohun tó kan ọmọ tí à ń sọ yìí gan-an: ọmọ tó ti ń fojú kéré ara rẹ̀, tí wọ́n bá yìn ín ní àyìnjù, iṣẹ́ tó rọrùn ló máa yàn lẹ́yìn náà. Ẹ̀rù ń bà á pé òun kò ní lè tún un ṣe.

Nítorí náà òwe yín dúró, Bàbá. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni ti ìtìjú. Ọmọ tí ojú ń tì kò sá lọ sídìí ìwé. Ó ń sá fún ẹni tó máa rí i pé kò mọ̀ ọ́n. Òun ló ń da ìwé kọ, òun ló ń fi káàdì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń yí 3 padà sí 8. Ẹ bá ohun tó ṣe wí, kó sì dùn ún: "O kò ṣe àṣetiléwá mẹ́rin. Jókòó, a ó ṣe méjì lónìí." Ìyẹn le, kò sì ní ìkẹ́ kankan nínú. "Olódo, bí bàbá rẹ ṣe rí nìyẹn" kò sọ ohun tí ọmọ lè lọ tún ṣe.

Ìyá_Ṣadé
Ẹ ṣé, mà. Kí la wá ń sọ lẹ́nu tí kò ní di àyìnjù?

Olùdámọ̀ràn_Ọ̀dọ́
Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ sọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde, kí ẹ sì dákẹ́. "Mo rí i pé o padà lọ ka ìbéèrè kẹta lẹ́ẹ̀kejì. O rí àmì àyọkúrò tí o fò tẹ́lẹ̀." Ó tán. Ẹ má fi "ṣé o rí i, kí ló dé tí o kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo?" kún un. Ìrù tí ẹ so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń pa orí rẹ̀, ọmọ kò sì ní gbọ́ ohun mìíràn ju ìrù yẹn lọ.

Bí ọmọ bá ní "èmi ò mọ nǹkan kan", ẹ má sáré sọ pé "irọ́ ni, o mọ̀ ọ́n!" Á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ láti fi hàn yín pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í pé: "Èwo gan-an ni kò yé ọ? Fi ìka sí i." Bó bá fi ìka sí i, ìṣòro náà ti kéré sí ohun tó ń pè é.

Ìfiwéra pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò: ẹ gé e kúrò pátápátá, àti èyí tó dùn létí pàápàá. "Ìwọ lo mọ̀wé, àbúrò rẹ ló mọ iṣẹ́ ọwọ́" ti pín ayé fún ọmọ méjì kí wọ́n tó pé ọdún 12. Àbúrò kò ní ṣí ìwé mọ́, ẹ̀gbọ́n á sì máa bẹ̀rù ọjọ́ tó máa kùnà.

Àjíkẹ́_Ìlọrin
Ẹ gba mí láyè kí n fi oríkì kún un, nítorí mo rí i pé a ti fẹ́ máa bá gbogbo ìyìn jà. Àjàní, Àkànní, Àlàó, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́: ọmọ kò yege ìdánwò kankan kó tó gbà á. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí "o káre, ọlọ́gbọ́n" nìyẹn. Kò ṣe é gbà padà lọ́wọ́ ọmọ.

Ibi tí a ti ń bà á jẹ́ ni pé ọjọ́ tí ọmọ gba ipò kìíní nìkan la máa ń rántí rẹ̀, tàbí ìgbà tí a fẹ́ rán an níṣẹ́. Ẹ ki oríkì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ lásán. Ẹ ki oríkì náà lálẹ́ ọjọ́ tí káàdì burú, ohùn kan náà, láìfi ọ̀rọ̀ ìdánwò bọ̀ ọ́. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún oríkì ìdílé tí wọ́n sọ di pàṣán: "Wọn kì í bí òpè nílé wa." Ọmọ tó gbọ́ ìyẹn lọ́jọ́ tó kùnà, ohun tó gbọ́ ni pé òun kì í ṣe ọmọ ilé náà.

Iṣẹ́ ilé náà kò gbẹ́yìn. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, tí ilé gbára lé: kó jẹ́ òun ló ń se ẹ̀wà ọjọ́ Sátidé láti orí ṣíṣà á dé orí bíbù ú, tàbí òun ló ń ṣọ́ omi inú tánkì tó sì ń kọ ọjọ́ tó tán sílẹ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ pé iyọ̀ pọ̀. Ẹ má gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un sè lójú àlejò.

Tíṣà_Oníṣirò
Ó bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ ní 1977 pé nínú ọ̀nà mẹ́rin tí ènìyàn fi ń gbà pé òun lè ṣe nǹkan, èyí tó lágbára jù ni kí ó ti ṣe é rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó o. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kan tí ẹ mú yẹn, bí a ṣe ń ṣe é rèé.

Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ní àkókò kan náà. Wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé kò lè dípò rẹ̀. Ẹ wá ibi tí ọmọ ti ń gba bíi 7 tàbí 8 nínú ìbéèrè 10. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwé kíláàsì méjì sẹ́yìn. Bó bá ń gba 10 nínú 10, kò kọ́ nǹkan tuntun. Bó bá ń gba 3, ẹ ń fún un ní ẹ̀rí pé olódo ni lójoojúmọ́.

Àpẹẹrẹ: ọmọ JSS1 tí kò lè ṣe ìpín gígùn. Ẹ wò ó dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìpín ni kò mọ̀. Táìmù 7 àti 8 ni kò dá a lójú. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kìíní ṣe táìmù 7 nìkan, mẹ́rin mẹ́rin, láìtò ó: 7×6, 7×3, 7×8, 7×4. Lọ́la, ẹ bi í ní ti àná kí ẹ tó fi tuntun kún un. Ọ̀sẹ̀ kejì, 8. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìpín tí kò ṣẹ́kù. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, èyí tó ṣẹ́kù. Ìwé kékeré kan ni kó máa kọ máàkì ojoojúmọ́ sí, 5, 7, 6, 8, kó sì jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. 6 tó tẹ̀ lé 7 yẹn ṣe pàtàkì: ẹ má pa á rẹ́.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́: òbí tó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ, òbí tó ń wo fóònù nígbà tí ọmọ ń ṣiṣẹ́, àti òbí tó rí i lọ́sẹ̀ kejì pé ó ń lọ dáadáa tó wá fi ẹ̀kọ́ mẹ́ta kún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Akọ́mọlédè
Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn: èdè. Ọmọ púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní olódo, Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé e, kì í ṣe ẹ̀kọ́ náà. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ tó dá dúró. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́; wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Síbẹ̀ àwọn ilé ìwé kan ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, wọ́n ń fi páálí kọ́ ọ lọ́rùn. Nílé, ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀kọ́ náà tán, kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ ní Yorùbá, kí ẹ tó wá ka ti ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ó rí i pé olódo yẹn ti mọ ìdajì rẹ̀.

Ìyá_Ṣadé
Mo dúpẹ́ o. Ti ọmọ ọdún 10 tó ṣì ń tọ̀ sílé ńkọ́? Òun náà kì í fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi kankan.

Nọ́ọ̀sì_Iléèwé
Ó wọ́pọ̀ ju bí àwọn òbí ṣe rò lọ, ó sì máa ń tẹ̀ lé ìdílé. Oorun rẹ̀ wúwo, àpòòtọ̀ rẹ̀ kì í tètè jí i. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kíkó ẹní rẹ̀ jáde sí gbangba tàbí orin ẹ̀sín kò dá ìtọ̀ kankan dúró rí. Kó mu omi dáadáa lọ́sàn-án, kó dín in kù ní wákàtí kan sí méjì kó tó sùn, kó má mu tíì tàbí kóòkù lálẹ́, kó tọ̀ kó tó dùbúlẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ ń le, nítorí ìgbẹ́ tó le máa ń ti àpòòtọ̀. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ aṣọ ìbùsùn, kí òun náà bá yín pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ láìsí ariwo. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀lá-dìde, torí kíndìnrín wọn kì í lè dá omi dúró bó ṣe yẹ.

Ọmọ tó ti gbẹ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó tún wá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, pàápàá bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ jù. Kí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́ bi í bóyá ẹnì kan ń dẹ́rù bà á tàbí ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ.

Bàbá_Oníbàtà
Mo gbọ́ yín o. Ìgbà wo lọ̀rọ̀ kì í wá ṣe ti káàdì mọ́?

Olùdámọ̀ràn_Ọ̀dọ́
Ìbéèrè gidi nìyẹn, sà. Bí ìbànújẹ́ tàbí ìbínú bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun tàbí oúnjẹ yí padà, tí ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, tí ó ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn láti fi bo ojú ọgbẹ́, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kóun má sí mọ́, ẹ má dúró de òpin táàmù. Ẹ bi í gbangba: "Ṣé o ti ń ronú láti pa ara rẹ?" Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí ọmọ lórí, ó máa ń fún un láyè láti sọ ọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn, Sniper àti ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀, ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. UCH n'Ìbàdàn, Arò l'Abẹ́òkúta àti ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá l'Ékòó ní àwọn oníṣègùn ọpọlọ.

Alábòójútó
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè kan péré ló kù: ọjọ́ wo gan-an la ó jókòó wo káàdì náà?

Tíṣà_Oníṣirò
Kì í ṣe ọjọ́ tó dé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbà á, ẹ ní "mo ti rí i, a ó wò ó lọ́jọ́ Sátidé," ẹ fún un lóúnjẹ. Ní Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ẹ̀yin àti òun nìkan, láìsí àbúrò nítòsí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún tó. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá_Oníbàtà
Àti bébà tí a ó fi bo ipò.